KÍ NI Ẹ Ń FÚN OLÓGBÒ YÍN JẸ?

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Yóò ní, "Àfáà ti sọ ti sàká tán, ó ti sọ ti ààwẹ̀ tán, ó wá kan ọ̀rọ̀ ológbò." Ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ẹ̀rín wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí kò tí ì pẹ́, mo ṣe wáàsí ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ìbàdàn lórí obìnrin kan tí Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, sọ fún wa pé ó di ẹni iná nítorí ológbò. Obìnrin náà so ológbò mọ́lẹ̀, kò fún un ní oúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kí ó lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ, títí ó fi kú. Ìtàn náà wà nínú ìwé Bukhari, ó wà nínú ti Muslim. Ọmọ kéwú wo ni kò gbọ́ ọ rí? Bí a ti kírun tán tí mo ń wá bàtà mi, Alájà kan tí ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ti dúró dè mí. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní:

"Ẹ kú wáàsí o, Àfáà. Ọ̀rọ̀ yín bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n ó tún fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ológbò kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tó ń bá mi ṣọ́ ìdì aṣọ. Ọjọ́ kan kò lọ rí kí n má fún un ní ẹ̀kọ. Bí ọbẹ̀ bá ṣẹ́kù, mo tún ń da ọbẹ̀ lé e. Ẹ ò rí i pé èmi kò sí nínú irú obìnrin yẹn?"

Ó ń retí kí n rẹ́rìn-ín, kí n sì ṣe àdúà fún òun. N kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Alájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á jókòó síbí díẹ̀. Ohun tí ẹ sọ yẹn, èmi náà sọ ọ́ rí, ní iwájú dókítà ẹran." Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà.

Ní ọdún 2016, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-kéwú mi gbé ọmọ ológbò kan wá, ó ní inú gọ́tà ni òun ti rí i. Ó dúdú bíi tàdáà tí a fi ń kọ wàláà. Àwọn ará ilé ní kí a lé e, wọ́n ní ológbò dúdú kì í ṣe ohun lásán, ìránṣẹ́ àjẹ́ ni. Mo bá wọn wí. Mo rán wọn létí Abu Hurairah, sàábé Ànábì wa, ẹni tí ó jẹ́ pé orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n títí di òní ni bàbá ọmọ ológbò, nítorí èyí tí ó máa ń gbé kiri. Ẹnu wọn wọhò. Àwọn ọmọ kéwú sọ ológbò náà ní Àdúmáadán.

Oúnjẹ kò wọ́n Àdúmáadán rárá. Ní òwúrọ̀, búrẹ́dì tí a rẹ sínú tíì onímílíìkì. Ní ọ̀sán, ẹ̀kọ tàbí àkàrà láti ọwọ́ àwọn ọmọ. Ní alẹ́, ìrẹsì tí a da ọbẹ̀ lé. Ó yọ ikùn bíi bàbá ọlọ́jà, inú mi sì ń dùn bí mo bá ti rí i. Nígbà tí ó ṣe, aládùúgbò kan wá fi ẹ̀sùn kàn wá pé ó ń gbé òròmọdìẹ òun. Mo kan nẹ́ẹ̀tì sí gbogbo fèrèsé, mo sì pàṣẹ pé kí a máa ti ilẹ̀kùn. Èkúté inú ilé ti tán ní tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, Àdúmáadán kò rí alángbá pa mọ́, kò rí ẹyẹ, kò rí nǹkan kan àfi ohun tí a bá bù sínú àwo rẹ̀. Ẹ kíyè sí ibí yìí. N kò fi okùn so ó. Ilẹ̀kùn ni mo fi so ó.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo rí i pé bí ó bá fò sí ojú fèrèsé, kì í bá a mọ́. Ó ń kọlu wàláà tí àwọn ọmọ fi ti ara ògiri. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ọmọlójú ológbò yẹ kí ó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, tirẹ̀ là sílẹ̀ gbàgàdà. Lọ́jọ́ kan ó rìn tààrà lọ sídìí ààrò tí ẹyin iná ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ jóná. Àwọn tó ń sọ ti àjẹ́ tún rí ọ̀rọ̀ sọ. Èmi gbé e sínú agbọ̀n, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran.

Dókítà náà jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò lè ju àkọ́bí mi lọ. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, ó fi ẹ̀rọ gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù, ó sì dákẹ́. Ó wá ní, "Bàbá, kí ni ó máa ń jẹ?"

Mo gbé àyà sókè. Mo ní, "Ohun tí àwa fúnra wa ń jẹ ni. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti ọmọ inú ilé."

Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà."

Kíláàsì kẹta ni mo dé ní ilé-ìwé girama kí n tó padà sídìí kéwú, nítorí náà bí ó ti yé mi ni n óò ṣe sọ ọ́. Ewúrẹ́ a máa jẹ ewé, a sì máa fi ewé náà di ẹlẹ́ran ara. Ènìyàn lè jẹ gààrí àti ẹ̀wà fún ogún ọdún kí ó sì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ajá pàápàá, ó ń mú díẹ̀ lọ́tùn-ún, ó ń mú díẹ̀ lósì. Ṣùgbọ́n ológbò, gẹ́gẹ́ bí ẹkùn àti kìnnìún, ẹran ni Ọlọ́run dá a láti máa jẹ. Àwọn èròjà kan wà tí ara tiwa lè fúnra rẹ̀ pèsè, tí ara ológbò kò lè pèsè tó. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní taurine. Ó wà nínú ẹran, pàápàá nínú ọkàn ẹran àti itan adìẹ, ó sì wà nínú ẹja. Ẹ lọ wá a títí nínú ẹ̀kọ àti búrẹ́dì, ẹ kò ní rí i. Ní ọdún 1975 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí ológbò kò bá rí i jẹ, awọ tí ń gba ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn ojú rẹ̀ yóò máa kú díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1987, àwọn mìíràn tún rí i pé ọkàn irú ológbò bẹ́ẹ̀ a máa fẹ̀, a sì máa di aláìlágbára, débi pé ó lè pa á. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń ṣe oúnjẹ ológbò inú agolo ti ń rí i dájú pé ó pọ̀ tó nínú rẹ̀.

Bákan náà ni ti fítámì tí ń ṣàánú ojú. Àwa ń rí tiwa nínú epo pupa àti kárọ́ọ̀tì, ara wa ni yóò yí i padà. Ara ológbò kò lè yí i. Inú ẹ̀dọ̀ ẹran àti ẹyin ni kí ó ti bá a.

Mo bi dókítà náà bóyá àtúnṣe wà. Ó ní ọkàn lè bọ̀ sípò bí a bá tètè fún un ní ohun tí ó ṣaláìní. Mo ní ojú ńkọ́? Ó ní ojú kì í padà. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Ọkàn Àdúmáadán bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n títí di bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, kò ríran. Imú àti irùngbọ̀n rẹ̀ ni ó fi mọ ọ̀nà ilé. Bí ẹnìkan bá ṣí ẹní kúrò níbi tí ó máa ń wà, yóò dúró, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí ké. Láti kékeré ni mo ti mọ hádíìsì obìnrin yẹn, mo sì ti fi í dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè bu àwo ológbò kún ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ kí ó má tíì bọ́ ọ.

Alájà gbọ́ títí dé ibí yìí, ó ní, "Ṣùgbọ́n Àfáà, ẹ̀kọ ni ológbò ìyá mi jẹ dàgbà ní Ìsẹ́yìn, ojú rẹ̀ kò sì fọ́."

Ìbéèrè gidi ni. Mo ní ẹ̀kọ ni ẹ̀yin ń rí. Ní òru tí gbogbo yín ti sùn, ó wà lóko èkúté, ó wà lẹ́yìn alángbá, tata àti ọmọ ẹyẹ. Èkúté kan ṣoṣo, odindi oúnjẹ ni fún ológbò: ẹran wà lára rẹ̀, ọkàn àti ẹ̀dọ̀ wà nínú rẹ̀, egungun rẹ̀ wà, omi pàápàá wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ ìyá yín kàn jẹ́ ìpápánu. Ṣùgbọ́n ológbò ti yín wà nínú ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn irin, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì, aṣọ ló yí i ká. Bí èkúté bá tilẹ̀ wọlé, ó lè jẹ́ èyí tí ó ti jẹ májèlé wá láti ìsọ̀ ẹlòmíràn, nítorí kò sí ọjà tí wọn kì í ti í ta ọ̀tapiapia. Bí ológbò bá jẹ èkúté tí májèlé ti wọ̀ lára, ikú náà lè kan òun pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ má ṣe fi májèlé àti ológbò sínú ṣọ́ọ̀bù kan náà.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ń fi ebi pa á, wọ́n ní bí ó bá yó kò ní pa eku. Irọ́ ni. Ẹ ju okùn síwájú ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán kí ẹ wò ó. Ọdẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe nínú ikùn rẹ̀. Oúnjẹ tó dára lè dín ìrìn rẹ̀ kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ológbò tí ebi ti sọ di òjòjò kò lè lé èkúté dé ibì kan.

Mo wá kan ọbẹ̀ tí Alájà ń dà lé ẹ̀kọ, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí jù. Ọbẹ̀ wo ni a ń sè nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní àlùbọ́sà? Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, bóyá ní tútù, bóyá ní sísè, bóyá ní lílọ̀ gbígbẹ. Áyù tún le jù ú lọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò máa dín, ẹ̀yìn ẹnu rẹ̀ yóò funfun, kò ní lè dìde, àwọn ará ilé yóò sì ní ayé ló ń bá a jà. Mágí inú ọbẹ̀ náà, iyọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń fi àlùbọ́sà lílọ̀ sí i. Ẹ kà á kún un pé ata wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fún un nínú ẹran ìkòkò yín, ẹ yọ tirẹ̀ kúrò kí ẹ tó da nǹkan sí i. Níwọ̀n bí mo ti wà lórí ohun tí ń pa á, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n má baà gbàgbé: ẹ má ṣe fún ológbò tí ara rẹ̀ gbóná ní paracetamol láé. Ìdajì hóró kan tó láti pa á.

Bí a ti ń sè é ní ilé mi nìyí. Ọjọ́ Àlàmísì ni ìyàwó mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ilé-kéwú, máa ń gbé ìkòkò náà kaná. Yóò ra itan adìẹ, yóò bọ́ èyí tí ó pọ̀ nínú awọ rẹ̀, yóò sì yọ egungun rẹ̀ kúrò pátápátá. A ń fẹ́ kí ẹran náà jẹ́ bíi giramu 750. Yóò fi ọkàn adìẹ kún un, bíi giramu 200, bí kò bá sì tó, a fi iwe adìẹ, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní gísáàdì, dí i. Ẹ̀dọ̀ tẹ̀ lé e, kò gbọdọ̀ ju giramu 50 lọ, ìyẹn ẹ̀dọ̀ adìẹ kan tàbí méjì kéékèèké. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò kan. Ẹ má jẹ́ kí ojú àánú mú yín bu ẹ̀dọ̀ lé e o. Ológbò fẹ́ràn ẹ̀dọ̀ ju ohunkóhun lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá di oúnjẹ ojoojúmọ́, fítámì inú rẹ̀ yóò pọ̀ lápọ̀jù, egungun ọrùn rẹ̀ yóò sì máa so pọ̀ mọ́ra wọn títí kò fi ní lè yí orí mọ́.

Omi díẹ̀ ni a ń dà sí i, iná rẹ̀ kì í le, kò sì ní iyọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti tán lára ẹran náà, ó jinná nìyẹn. Ẹ má da omitooro rẹ̀ nù! Mo sọ èyí sókè nítorí ohun tí a kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Taurine inú ẹran a máa yọ́ sínú omi tí a fi sè é, ẹni tó bá da omi náà nù ti da ojú ológbò rẹ̀ nù. Ìyá Ilé-kéwú yóò gé ẹran náà wẹ́wẹ́, yóò fi ẹyin sísè kan pò ó, yóò sì da omitooro padà sí i. Èyí tún dára nítorí pé ológbò kì í mu omi tó. Láti ilẹ̀ gbígbẹ ni ìran rẹ̀ ti wá, inú oúnjẹ ni ó ti máa ń wá omi. Ṣùgbọ́n ẹ gbé àwo omi tó mọ́ sí i pẹ̀lú. Bí ẹ bá sì rí akọ ológbò tí ó ń lóṣòó kiri láti tọ̀, tí ìtọ̀ kò wá, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà.

Ó ku ohun tí yóò dípò egungun. Ẹran lásán kò ní èyí tí ń mú egungun le, bí a bá sì ń fún un ní ẹran lásán, ara rẹ̀ yóò máa yọ ọ́ lára egungun tirẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ fún un ní egungun tí a ti sè, nítorí a máa ṣẹ́ bí ìgò, a sì máa gún ìfun. Èèpo ẹyin ni a ń lò. A ń fọ̀ ọ́, a ń bọ̀ ọ́ nínú omi híhó bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ń sá a títí yóò fi gbẹ kanrankanran, a sì ń lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí yóò fi di lẹ́búlẹ́bú bíi àtíkè. Ṣíbí ìrotíì kan géérégé ni fún kílò kan. Àwọn ọmọ kéwú ni ń kó èèpo náà jọ láti ìdí ìsọ̀ oníńdòmí tó wà ní ìkòríta wa.

Ológbò àgbà tó wọn kílò mẹ́rin, ohun tí yóò kún agolo mílíìkì kan ti tó o fún odindi ọjọ́, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ìhà rẹ̀, kí ọwọ́ yín máa kan egungun níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ojú yín má máa rí i. Ẹ̀yin náà mọ bí iná mànàmáná wa ti rí, nítorí náà ẹ má ṣe se ọ̀pọ̀ pamọ́. Nínú fíríìjì tó tutù dáadáa, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ìyókù kí ó wà nínú fírísà. Bí iná bá lọ tí ó yọ́ tí ó sì ń rùn, ẹ dà á nù. Ẹ má sì yí oúnjẹ rẹ̀ padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ máa pò ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá kọ oúnjẹ fún ọjọ́ méjì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí àìjẹun a máa ba ẹ̀dọ̀ ológbò jẹ́ kíákíá, pàápàá èyí tó sanra.

Ẹni tó bá ní kí n wá búra pé ìkòkò yìí pé, n kò ní búra. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì California ní Davis yẹ ìlànà oúnjẹ ológbò àsèjẹ 114 wò, èyí tí wọ́n kó jọ láti inú ìwé àti íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú gbogbo èyí tí wọ́n lè ṣírò, kò sí ọ̀kan tí ó ní gbogbo ohun tí ológbò nílò. Ìdí nìyí tí dókítà fi fún wa ní ìyẹ̀fun kan tí a pò fún ológbò, tí taurine àti oríṣiríṣi fítámì wà nínú rẹ̀, tí a ń bù sí oúnjẹ náà lẹ́yìn tí ó bá ti tutù. Òun ni ó sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún wa, kí ẹ̀yin náà béèrè tiyín. Ọmọ ológbò àti èyí tó lóyún, ẹ má ṣe gbára lé ìkòkò yìí fún wọn láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Ilé-ìwòsàn ẹran wà ní yunifásítì Ìbàdàn níbí, ó wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó wà ní ti Ìlọrin pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, mo mọ̀ pé ẹ ti ń dúró dè mí. Ẹja dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójoojúmọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹja tútù tí a kò sè, ohun kan wà tí ń jẹ fítámì kan run nínú ara ológbò, títí orí rẹ̀ yóò fi máa yí, tí gìrì yóò sì mú un. Ìsèjinná ni ń pa ohun náà. Ẹja olóròóró ní àjùlọ tún ń ba ọ̀rá ara rẹ̀ jẹ́. Lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó, kí ẹ sè é, kí ẹ yọ egungun rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ ẹja oníyọ̀. Mílíìkì tí gbogbo ayé ń rò pé ó jẹ́ oúnjẹ rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru ni ń fún ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà.

Àwọn kan bi mí bóyá ìkòkò àti àwo di nájísì. Ẹ rántí Abu Qatadah, tí ó tẹ ohun èlò omi àlùwàlá rẹ̀ sílẹ̀ kí ológbò lè mu níbẹ̀. Nígbà tí Kabshah, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ń wò ó tìyanu-tìyanu, ó sọ fún un pé Ànábì wí pé ológbò kì í ṣe nájísì, pé ó wà lára àwọn tí ń lọ tí ń bọ̀ láàárín wa. Ó wà nínú Muwatta ti Ìmáàmù Malik. Ti ìlera yàtọ̀ sí ìyẹn: ẹ fọ ọwọ́ àti pátákó tí ẹ fi gé ẹran tútù, kí aboyún má sì jẹ́ ẹni tí yóò máa kó ìgbẹ́ ológbò, nítorí kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá.

Ọkùnrin kan tí ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà ti dúró tì wá láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àfáà, ẹ foríjì mí. Àwọn ọmọ mi kì í rí ẹran jẹ lójoojúmọ́. Ṣé ológbò ni kí n wá máa ra itan adìẹ fún?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkà, n kò sì bínú. Mo ní kí ó jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Kílò kan yóò gbé ológbò kan fún bí ọjọ́ mẹ́fà. Kò pọn dandan kó jẹ́ itan adìẹ, ọkàn màlúù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rà lè dípò rẹ̀. Bí Iléyá bá dé, ọkàn àgbò wà. Àpò ẹ̀wà mélòó ni èkúté ń lu lọ́dún? Owó oúnjẹ ológbò wà lára owó ìṣọ́jà. Bí ó bá sì jẹ́ pé agbára kò ká a lóòótọ́, òfin ẹ̀sìn wa ti là á sílẹ̀: bíbọ́ ẹran jẹ́ ẹ̀tọ́ lọ́rùn ẹni tó ni ín, ẹni tí kò bá lè bọ́ ọ, kí ó fi í fún ẹni tó lè bọ́ ọ. Obìnrin inú hádíìsì yẹn, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Kì í ṣe dandan kí ó ra ẹran. Bí ó bá ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́.

Mo tún sọ fún wọn nípa Baybars, tí ó jẹ́ sùtáànì ní Íjíbítì láti ọdún 1260 sí 1277, tí a gbọ́ pé ó fi ọgbà kan ṣe wákáfù lẹ́bàá Káírò kí a lè máa bọ́ ológbò. Edward Lane, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé ní Káírò ní àwọn ọdún 1830, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé wọ́n ṣì ń gbé oúnjẹ wá fún ológbò ìlú ní àgbàlá ilé-ẹjọ́ Alukáálí. Ó ti ju 500 ọdún lọ nígbà náà tí Baybars ti kú. Ẹlẹ́wà mi orí, ó ní òun yóò rò ó.

Alájà ni kò tíì dìde. Ó ní, "Àfáà, a máa ń ti ṣọ́ọ̀bù láti alẹ́ Sátidé di òwúrọ̀ Mọ́ńdè."

Mo ní kí ẹnìkan lọ ṣí i ní ọjọ́ Àìkú, kí ó gbé oúnjẹ àti omi sí i.

Ó wo ilẹ̀. Ó ń fi ìka kan ka ìka yòókù. Ó ní, "Ní Iléyá èṣí, ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ìyẹn tí mo ní tẹ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo ní àìsàn ló pa á."

N kò sọ nǹkan kan. Òun náà kò sọ nǹkan kan mọ́. Nígbà tí ó ṣe, ó gbé báàgì rẹ̀, ó kí mi, ó sì lọ.

Ní Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, ọmọ tí ń kọ́ ọjà títà lọ́dọ̀ rẹ̀ dé ilé mi pẹ̀lú abọ́ kan. Ó ní Alájà ní kí òun wá gba èèpo ẹyin lílọ̀ lọ́wọ́ Ìyá Ilé-kéwú, kí òun sì wo bí wọ́n ti ń sè é. Ọmọ náà jókòó ti ààrò títí ìkòkò fi sọ̀. Kọ́kọ́rọ́ tuntun kan wà ní ọrùn rẹ̀, okùn ni wọ́n fi so ó. Mo bi í pé kọ́kọ́rọ́ kí ni. Ó ní ti ṣọ́ọ̀bù ni, pé òun ni yóò máa lọ ní ọjọ́ Àìkú.